DCS, Falcon BMS àbí IL-2: èwo nínú wọn ló sún mọ́ bàálù ogun gidi jù?

Àṣá_Kékeré:

Ẹ̀yin àgbà inú ọ̀rọ̀ bàálù, mo kí gbogbo yín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí mo ti ń fi War Thunder, géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà, ṣeré, mo sì ti kúrò níbi tí wọ́n ti ń fi mouse darí bàálù, mo ti bọ́ sí apá simulator rẹ̀ (èyí tó ń fara wé wíwa bàálù gidi), níbi tó jẹ́ pé inú yàrá awakọ̀ nìkan lèèyàn ti lè ríran, tí kò sì sí àmì kankan lórí ọ̀tá láti tọ́ka rẹ̀ síni. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra joystick, òun náà ló sì jẹ́ kí n máa wá ohun tó jinlẹ̀ jù ú lọ.

Mo gba DCS World sórí kọ̀ǹpútà mi nítorí pé ọ̀fẹ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, mo sì rí ohun kan níbẹ̀ tó rú mi lójú. Bàálù méjì ni wọ́n fi ń ta èèyàn lọ́rẹ. Su-25T ní ìbọn, bọ́ǹbù àti mísáìlì Vikhr, ṣùgbọ́n àwọn bọ́tìnnì inú rẹ̀ kò ṣeé tẹ̀. Àwòrán lásán ni wọ́n, orí kíbọọ̀dù ni gbogbo àṣẹ ti ń wá. TF-51D ní tirẹ̀ kò gbé ohun ìjà kankan, síbẹ̀ gbogbo bọ́tìnnì inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, bí n kò bá sì tan bátìrì, kí n ṣí ọ̀nà epo, kí n yí magneto síbi tó yẹ, ẹ́ńjìnnì kò ní dá mi lóhùn. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì, simulator sì ni wọ́n pe méjèèjì.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè nìyí. Àwọn kan ní DCS lọ̀gá, àwọn kan ní Falcon BMS ni baba gbogbo wọn, àwọn mìíràn sì ń fi gbogbo ẹnu búra pé kò sí ohun tó dà bí IL-2. Kí gan-an ni olúkúlùkù wọn ń pè ní bíi ti gidi? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ fún mi pé gbogbo wọn ló dára. Mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń sọ òótọ́ àti ibi tó ti ń purọ́, nítorí pé mo fẹ́ mú ẹyọ kan kí n sì kọ́ ọ dójú àmì. Kọ̀ǹpútà mi ní RAM 16 GB, joystick mi ní throttle kékeré kan (ohun tí wọ́n fi ń ṣe àlékún agbára ẹ́ńjìnnì) ní ìdí rẹ̀, n kò sì ní pẹ́dàlì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀.

Ẹ́ńjíníà_Bàálù:

Ẹ kú ìbéèrè. Ohun tí ẹ rí lára bàálù méjèèjì yẹn gan-an ni orí ọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í sì í fiyè sí i rárá.

Inú ẹ̀rọ ni DCS ti ń sọ òótọ́ jù. Hẹlikọ́pítà Ka-50 ni Eagle Dynamics, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2008, A-10C ló tẹ̀ lé e, inú iṣẹ́ simulator kan tí wọ́n ṣe fún Air National Guard ti Amẹ́ríkà sì ni A-10C yẹn ti jáde wá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe yàrá awakọ̀ bí ẹni ń ṣe é fún ẹni tí yóò wa bàálù ọ̀hún lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú F-16C tó wà nílẹ̀, tí kò sí iná kankan lára rẹ̀. Ẹ óò tan bátìrì, lẹ́yìn náà ẹ óò gbé JFS sí START 2. Ẹ̀rọ kékeré kan nìyẹn, òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹ́ńjìnnì ńlá. Ẹ óò tẹjú mọ́ RPM, ìyára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí, títí yóò fi gun ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ìgbà yẹn ni ẹ óò tó gbé throttle kúrò ní OFF sí IDLE kí epo lè wọlé kí iná sì ràn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fìdí múlẹ̀ tán, ó ku INS, èyí tí bàálù fi ń mọ ibi tó wà àti ibi tó kọjú sí. Bàálù gbọ́dọ̀ dúró gbári lójú kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí INS tó parí ìṣirò rẹ̀, ẹni tó bá sì kánjú gbéra kó tó parí, ohun tó ń tọ́nà fún un kò ní ṣeé gbára lé ní gbogbo ìrìn àjò ọ̀hún. Kò sí bọ́tìnnì kan tí ẹnì kan fi síbẹ̀ fún ẹwà. Bí ẹ bá tún wo F-14 tí ilé iṣẹ́ Heatblur ṣe fún DCS, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2019, ẹ óò rí i pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló ni rédà, kì í ṣe ẹni tó ń wa bàálù. Bí ẹ kò bá ní ẹnìkejì, kọ̀ǹpútà yóò fún yín ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Jester, ẹ óò sì máa pàṣẹ fún un bí ọ̀gá ti ń pàṣẹ fún ẹmẹ̀wà rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kó tó rí ohun tí ẹ̀yin ti fi ojú lásán rí.

Irọ́ rẹ̀ wà níta. Bàálù tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ń wà kò tẹ̀ lé òfin ìfò kan náà tó de tiyín. Tirẹ̀ rọrùn ju tiyín lọ, ìdí nìyẹn tí ẹ óò fi máa rí irú bàálù kan náà tí ẹ jókòó sínú rẹ̀ tí yóò máa fi agbára tí ẹ̀yin kò ní gun òkè. Ogun tó yí yín ká pàápàá, ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ sílẹ̀: ọkọ̀ ológun kan yóò jáde ní ìṣẹ́jú báyìí, bàálù ọ̀tá méjì yóò gbéra bí ẹ bá kọjá ibì kan. Ó ti pẹ́ tí Eagle Dynamics ti ń sọ̀rọ̀ ogun tí yóò máa dá lọ fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ni a ṣì ń gbọ́. Ohun kan tún wà tí kò dùn mọ́ mi nínú: wọ́n máa ń ta bàálù tí iṣẹ́ kò tíì parí lára rẹ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún. Ẹ ra ohun tó ti wà nílẹ̀, ẹ má ra ìlérí.

Ogun_Kò_Dúró:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òótọ́, n kò ní bá a jiyàn lórí yàrá awakọ̀. Ṣùgbọ́n ṣé nítorí títan ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ṣe ń wa bàálù ogun? Ìṣòro awakọ̀ ogun bẹ̀rẹ̀ níbi tí àlàyé ẹ̀gbọ́n parí sí.

Ní ọdún 1998 ni ilé iṣẹ́ MicroProse gbé Falcon 4.0 jáde. Kóòdù rẹ̀ bọ́ síta ní ọdún 2000, láti ìgbà náà sì ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ti ń tún un ṣe láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi di Falcon BMS tí à ń lò lónìí. Ọ̀fẹ́ ni, àfi pé Falcon 4.0 àtijọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ tiyín kó tó lè wọlé sórí kọ̀ǹpútà.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé ogun Kòríà tó wà nínú rẹ̀ kò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ń rìn, epo àti ọta ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn, ilé iṣẹ́ ń ṣiṣẹ́, bàálù ń gbéra láti pápá kan dé èkejì, yálà ẹ̀yin ń fò tàbí ẹ̀yin kò fò. Ẹ óò yan iṣẹ́ kan lára àwọn tí ogun náà fúnra rẹ̀ là sílẹ̀. Ká ní fífọ́ afárá kan ni. Bí ẹ bá fọ́ ọ, àwọn ọkọ̀ ológun tó fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá yóò wá ọ̀nà mìíràn, àwọn tó wà níwájú ogun yóò sì rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá fọ́ ọ, ẹ óò pàdé wọn ní ìhà ibí lọ́jọ́ kejì. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò pé àwọn kan ń bá ọ̀tá jà ní ìhà àríwá, wọn kò gbà á sílẹ̀ fún yín láti máa gbọ́. Àwọn bàálù kan wà níbẹ̀ ní tòótọ́ tí wọ́n ń bọ́ lulẹ̀, ẹgbẹ́ tó bá sì pàdánù bàálù lónìí, bàálù díẹ̀ ni yóò fi jà lọ́la. Mo ti yí padà sílé láìju bọ́ǹbù kan nítorí pé mísáìlì ilẹ̀ tí àwọn ẹlòmíràn yẹ kí wọ́n ti pa lẹ́nu mọ́ ṣì ń yìn. Kò sí ẹni tó bá mi wí, ogun kàn ń bá tirẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ náà ni rédà ti yé mi. Rédà inú irú bàálù bí F-16, bó bá ń wo ìsàlẹ̀, ìyára tí nǹkan fi ń sún mọ́ ọn ló fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀. Ilẹ̀ àti òkè ń sún mọ́ yín ní ìyára tí rédà lè ṣírò, nítorí náà yóò yọ ohunkóhun tó bá ní irú ìyára bẹ́ẹ̀ kúrò kí ojú ìwòran má bàa kún fún ìdọ̀tí. Ẹ wá wò ó: ọ̀tá tó wà nísàlẹ̀ yín yí bàálù rẹ̀ padà títí ó fi fẹ̀gbẹ́ sí yín, kò wá sọ́dọ̀ yín, kò sì sá lọ. Lójú rédà, ó ti di ara ilẹ̀ nìyẹn, àmì rẹ̀ yóò sì pòórá níwájú yín, mísáìlì tó ti ń lọ bá a lè ṣìnà pẹ̀lú. DCS náà ní èyí, n kò sọ pé kò ní in. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú BMS, ọ̀tá tó bá ti ọwọ́ yín bọ́ báyìí yóò padà délé, yóò gba epo, yóò sì tún gbéra ní ìrọ̀lẹ́.

Ibi tó ti ń purọ́: F-16 ni wọ́n ṣe é fún. Bàálù mìíràn wà tí ẹ lè jókòó sí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn ló yá ẹ̀rọ inú F-16 lò. Ojú ilẹ̀ rẹ̀ kò sì lẹ́wà tó ti DCS, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe àìpẹ́ yìí ti mú un gòkè.

Apá_Elípo:

Mo fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n méjèèjì, mo sì fẹ́ bi wọ́n léèrè: ta ló fẹ́ yẹ òótọ́ rédà yẹn wò? Ibi tí rédà bàálù òde òní ríran dé, ohun tó lè tan mísáìlì AIM-120 jẹ àti ohun tí kò lè tàn án, àṣírí ológun ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe géèmù ń fọgbọ́n méfò rẹ̀ ni, wọ́n sì lè méfò dáadáa, ṣùgbọ́n àwa tí à ń ṣeré kò ní ohun tí a lè fi díwọ̀n rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ariwo fi sọ nígbà tí Eagle Dynamics kéde F-35A ní ọdún 2025. Lórí War Thunder tí ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ ti ń bọ̀, àwọn kan tilẹ̀ ti gbé ìwé tó jẹ́ ti àwọn ológun síta kí wọ́n lè borí nínú àríyànjiyàn. Kí ni géèmù ń wá dé ibẹ̀ yẹn?

Ẹ wá wo bàálù ọdún 1940. Àwọn ará Bìrìtìkó gba Bf 109E kan, bàálù ogun Jámánì, tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Faransé, wọ́n dán an wò lójú òfuurufú, ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ sì wà níta fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Spitfire, bàálù ogun Bìrìtìkó, ṣì ń fò títí di òní. Bí géèmù bá purọ́ nípa wọn, a ó mú un.

Àpẹẹrẹ kan rèé tí mo fẹ́ràn jù, ẹ óò rí i nínú IL-2 Cliffs of Dover, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2011, tí Team Fusion, ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, sì tún ṣe di Blitz ní ọdún 2017. Ẹ wà nínú Spitfire Mk I, ẹ ti bọ́ sẹ́yìn Bf 109 kan, ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ yìnbọn. Lójijì ni ọ̀tá ti imú bàálù rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin náà ti joystick síwájú láti tẹ̀ lé e, ara yín fúyẹ́ kúrò lórí ìjókòó, ẹ́ńjìnnì Merlin yín sì húkọ́, ó fẹ́ kú, èéfín dúdú tú jáde, nígbà tí yóò sì fi sọjí padà, ọ̀tá ti di ẹyọ àmì kékeré lókèèrè. Kabúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ló fà á: bí imú bàálù bá já sísàlẹ̀ lójijì, epo inú rẹ̀ máa ń fò lọ sókè, ebi epo á wá pa ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà epo á tún pọ̀ jù fún un. Ẹ́ńjìnnì Jámánì kò ní kabúrétọ̀, ńṣe ni wọ́n ń fín epo sínú rẹ̀ tààrà, nítorí náà kò kan án. Ohun tí àwọn awakọ̀ Spitfire ń ṣe ni pé wọ́n á kọ́kọ́ dojú bàálù dé, wọ́n á wá fà á wálẹ̀, kí epo má bàa fò. Ní ọdún 1941 ni Beatrice Shilling, obìnrin ẹ́ńjíníà ní Farnborough, ibi ìwádìí bàálù ní Bìrìtìkó, rí ojútùú rẹ̀: irin pẹlẹbẹ kékeré tó ní ihò láàárín, tí kì í jẹ́ kí epo kọjá ju bó ṣe yẹ lọ. Bọ́tìnnì inú Spitfire kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò ó báyìí ti mọ ohun kan nípa ogun yẹn tí yàrá awakọ̀ tó kún fún bọ́tìnnì kò lè kọ́ ọ.

IL-2 Great Battles, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti Stalingrad tó sì dé Moscow, Kuban, Bodenplatte àti Normandy, ní irọ́ tirẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni ẹ óò tẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì yóò fi tan. Èyí tó burú jù ni bí wọ́n ṣe ń fi aago ka ẹ̀mí ẹ́ńjìnnì: bí ẹ bá lo agbára pàjáwìrì kọjá ìṣẹ́jú tí ìwé ìlò bàálù kọ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò bàjẹ́ bí ẹni pé ó ń wo aago lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ fún ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ni ìṣẹ́jú yẹn, kò sí ẹ́ńjìnnì gidi tó mọ ọjọ́ ikú rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ojú_Lalákàn:

Kò sí ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà àti joystick tí arákùnrin yìí mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ló máa pinnu púpọ̀.

DCS yóò ṣí lórí RAM 16 GB, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e lọ sórí ilẹ̀ ńlá bíi Syria, níbi tí èèyàn púpọ̀ ti ń fò pọ̀, yóò máa ta kọ́ọ́kọ́ọ́. BMS àti IL-2 kò ní dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Ní ti pẹ́dàlì, F-16 kò fi bẹ́ẹ̀ nílò rẹ̀ lójú òfuurufú, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ló ń tún ìfò ṣe. Spitfire àti Bf 109 kò ní gbà fún yín bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti throttle síwájú láti gbéra, imú bàálù yóò máa yà sí òsì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a dúró. Bí joystick yín bá ṣeé yí sọ́tùn-ún sósì, ìyẹn lè rọ́pò pẹ́dàlì fún ìgbà díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, kó tó di pé ẹ ra pẹ́dàlì, ni ohun tí yóò máa bá orí yín yí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, kò sí ẹni tó lè fi bọ́tìnnì yí ojú kiri kó sì bá ọ̀tá jà. TrackIR wà fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, opentrack sì wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè lo kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà yín.

Kí ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un fún àwọn tó ń jà lórí ohun tó jẹ́ òótọ́: ọ̀pá ìdarí F-16 gidi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mì rárá, agbára ọwọ́ ló ń wọ̀n. Ti Bf 109 a sì máa le bí òkúta bí eré bá ti pọ̀ jù. Joystick tó wà lórí tábìlì wa kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Àṣá_Kékeré:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, ẹ ti jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀rọ̀ Apá_Elípo nípa ohun tó ṣeé yẹ̀ wò wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ohun tí a kò bá lè díwọ̀n kò ní òótọ́ nínú. Ọgbọ́n ọ̀tá tó fẹ̀gbẹ́ sí rédà yẹn, ìmọ̀ rédà ló bí i, àṣírí kò sí níbẹ̀; bí rédà ṣe ríran jìnnà tó nìkan ni wọ́n fi pamọ́.

Pẹ̀lú irú kọ̀ǹpútà tí mo ní àti àìsí pẹ́dàlì, ó dà bí ẹni pé F-16 inú BMS ni yóò bá mi mu. Ìbéèrè kan ló kù: bí mo bá kọ́ ọ níbẹ̀, tí mo wá ra RAM sí i lẹ́yìn ọ̀la tí mo bọ́ sí DCS, ṣé mo tún máa bẹ̀rẹ̀ láti orí ni?

Ogun_Kò_Dúró:

Rárá o. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó bá BMS wá, ìwé wọn wà nínú fódà rẹ̀, ẹ má fò wọ́n. Bọ́tìnnì TMS tó wà lórí ọ̀pá ìdarí, bí ẹ bá tì í síwájú, yóò di ọ̀tá mú lórí rédà, bí ẹ bá fà á sẹ́yìn, yóò tú u sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú DCS, nítorí pé irú F-16 ti Amẹ́ríkà kan náà ni wọ́n ń fara wé. Ọwọ́ yín yóò mọ̀ ọ́n kí ojú yín tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ́ńjíníà_Bàálù:

Mo fara mọ́ ọn. Ibi tí ìyàtọ̀ yóò ti hàn sí yín ni bí bàálù ṣe ń fì nígbà tí eré rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, àti nígbà tí ẹ bá fẹ́ gba epo lójú òfuurufú. Nínú méjèèjì, ẹ̀yìn yàrá awakọ̀ ni ihò tí epo ń gbà wọlé wà, ẹ kò sì lè rí i láti orí ìjókòó. Iná tó wà lábẹ́ ikùn bàálù agbépo ni yóò máa sọ fún yín bóyá kẹ́ ẹ sún síwájú tàbí kẹ́ ẹ rẹlẹ̀. Ẹ wo iná yẹn pẹ̀lú gbogbo ara bàálù agbépo, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ ọ̀pá epo, ẹ sì dín bí joystick yín ṣe ń yára dáhùn kù kẹ́ ẹ tó gbìyànjú rẹ̀.